Ibùsọ̀: Láti Àgbádárìgì dé Ìmàṣàyí

Àwa mẹ́ta la wà nínú ọkọ̀ náà, iṣẹ́ kan náà sì ni gbogbo wa ń ṣe: à ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan nínú wa ló ni ọkọ̀. Ọ̀kan ló ni ìyá àgbà tí a ń lọ kí ní Ìmàṣàyí. Ẹnì kẹta ò ní ju dátà lọ, òun la wá fi ṣe afinimọ̀nà. Kí á tó kúrò ní Ìkẹjà la ti bi fóònù rẹ̀ léèrè pé ibo ló dáa kéèyàn ti dúró díẹ̀ lójú ọ̀nà yìí, ká na ẹsẹ̀, ká sì rí nǹkan tó yẹ ní rírí. Ilé epo mẹ́rin ló fi hàn wá, àti báǹkì kan. Ó parí.

Àwa tí à ń ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Máàpù inú fóònù ò mọ̀ ju ohun tí ẹnì kan ti kọ sínú ẹ̀ lọ. Ibi tí ẹnikẹ́ni ò bá kọ, òfìfo ni lójú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Yewa kì í ṣe òfìfo. Ní igba ọdún sẹ́yìn, àwọn kan gba inú ilẹ̀ yìí kọjá lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé, wọ́n sì kọ gbogbo ibi tí wọ́n ti dúró sínú ìwé. Ibi tí wọ́n yàn láti dúró sí náà ló kó bá wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan ná. Níléèwé, wọ́n kọ́ wa pé ibùsọ̀ ni máìlì. A gbà bẹ́ẹ̀, a ò bi ara wa rí pé kí ni “sọ̀” tó wà nínú ẹ̀. Ẹni tó bá ti ru omi tàbí igi dé ilé rí mọ̀ ọ́n. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọrùn ẹ̀ á ti máa gbọ̀n, á ní, “Ẹ gbà mí o, ẹ sọ̀ mí!” Kí wọ́n bá a gbé ẹrù kúrò lórí ló ń wí. Ibùsọ̀ ni ibi tí arìnrìn-àjò ti ń sọ ẹrù kalẹ̀. Tí àwọn àgbà bá wá ní ìlú kan jìnnà tó ibùsọ̀ mẹ́ta, iye ìgbà tí èèyàn máa sọ ẹrù kó tó débẹ̀ ni wọ́n ń kà. Ọjọ́ tí òyìnbó gbé máìlì dé, ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi pè é, ìtumọ̀ àkọ́kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù. Nínú ètò tiwa, a máa ń pe irú nǹkan báyìí ní àṣìṣe: ẹ lo orúkọ kan fún nǹkan méjì, ẹ wá pàdánù èyí tó ṣáájú.

Ó yá, ẹ bá wa ká lọ sí Àgbádárìgì.

Ní ọjọ́ keje oṣù Kejìlá ọdún 1825, Hugh Clapperton, ọ̀gágun orí omi kan láti Scotland, kúrò ní Àgbádárìgì. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló rán an sí Súlútáánì Bello ní Sókótó. Ọ̀gágun Pearce wà pẹ̀lú rẹ̀, àti dókítà kan tó ń jẹ́ Morrison, pẹ̀lú ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, Richard Lander, tí ọjọ́ orí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní ogún. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, etí omi ni wọ́n sùn sí, nínú afẹ́fẹ́, wọn ò bo nǹkan kan lórí. Ní alẹ́ kejì, wọ́n dé ìlú ńlá kan tí wọ́n pè ní Dagmoo nínú ìwé wọn. Ilé kún ibẹ̀ tí wọ́n lè wọ̀ sí. Àárín ọjà ni wọ́n tún sùn sí.

John Barrow, ọ̀gá kan ní ilé iṣẹ́ ológun ojú omi nílùú Lọ́ńdọ̀nù, kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ náà nígbà tí ìwé ìrìn-àjò náà jáde ní 1829. Ó ní kò yé òun rárá: dókítà wà láàárín wọn, Clapperton fúnra rẹ̀ ti rin ilẹ̀ Áfíríkà rí, báwo ni wọ́n ṣe gbà kí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀? Ní tiwa, ó yé wa díẹ̀. Ẹni tó bá ń kánjú dé ibi tó ń lọ kì í ka ibi tó wà lónìí sí. Ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ibà mú gbogbo wọn. Morrison ní òun fẹ́ padà sí etíkun, kò kọjá Ìjanná tó fi kú. Pearce kú ní ìlú kan tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ ní Engua. Ọdún 1825 ò tíì parí. Clapperton àti Lander ló dé Ọ̀yọ́-Ilé, tí wọ́n ń pè ní Katunga, ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kínní 1826. Clapperton kú nítòsí Sókótó ní 1827, Lander nìkan ló padà sí Àgbádárìgì lóòyẹ̀.

Lóòótọ́, ibà ò nílò kéèyàn sùn sójú ọjà kó tó mú un. Ẹ̀fọn ń wọ inú ilé náà. Àwọn fúnra wọn ò tíì mọ̀ pé ẹ̀fọn ni. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn wá nínú ìtàn yẹn ni pé àwọn ará ìlú mọ ibi tó yẹ kí àlejò sùn. Ilé wà. Ìlú tó wà lójú ọ̀nà yẹn ti gba àlejò títí, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ìdí tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n ò ṣòro. Ọ̀yọ́-Ilé jìnnà sí òkun. Igbó ńlá ló dí ọ̀nà rẹ̀ ní apá gúúsù, ẹṣin ò sì fẹ́ràn igbó. Ní apá ìwọ̀ oòrùn, ilẹ̀ ọ̀dàn ló sún mọ́ òkun jù, ẹṣin lè gba ibẹ̀ rìn. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ Yewa wà, tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀gbádò títí di 1995. Ibẹ̀ ni Aláàfin gbà dé Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì. Wọ́n fi oníbodè sójú ọ̀nà láti máa gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò. Wọ́n fi Oníṣàrẹ́ sí Ìjanná, lẹ́bàá Ìlaró, kó máa ṣojú Aláàfin. Bí o bá dé ibodè, o ò lè sọ pé o ń kánjú. Wàá dúró, wàá kí olórí ìlú, wàá san owó, wọn á fún ọ níbi tí wàá sùn, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fún ọ ní ẹni tó máa mú ọ dé ìlú tó kàn. Dídúró yẹn náà ló fún àwọn ìlú wọ̀nyẹn lówó àti orúkọ.

Ohun kan wà tí a ò gbọ́dọ̀ fò. Nígbà tí Aláàfin Abíọ́dún wà lórí oyè, ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, ẹrú ni ọjà tó tóbi jù lọ lójú ọ̀nà yìí. Èèyàn ni ẹrù náà, ẹrù náà sì ń fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn. Nígbà tí à ń ka ọ̀rọ̀ ibùsọ̀ láàárín ara wa nínú ọkọ̀, tí à ń yọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí dùn, ẹni tó ni ọkọ̀ ló béèrè pé, “Àwọn yẹn ńkọ́? Kí ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀?” A dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Láti ilẹ̀ òkè dé Àgbádárìgì, gbogbo ibi tí oníṣòwò ti sinmi ni àwọn tí wọ́n dè náà ti sinmi. Kò sí èyí tí wọ́n lè kọ́kọ́ béèrè pé ó rẹ òun. Bí a bá ní ká kọ àwọn ibi ìsinmi ọ̀nà yìí sórí máàpù, a ò lè kọ ti oníṣòwò ká fi tiwọn sílẹ̀.

A ya Ìjanná. Kò gbà wá ní ìṣẹ́jú púpọ̀ láti Ìlaró. Ìyá kan tó ń ta àgbàdo sísun ló júwe ọ̀nà fún wa, ó sì bi wá pé ta la fẹ́ kí níbẹ̀. Ìbéèrè tó dáa ni. A fẹ́ kí obìnrin kan tó ti kú tipẹ́.

Ní 1830, Richard Lander tún padà wá, òun àti àbúrò rẹ̀, John. Wọ́n kúrò ní Àgbádárìgì ní ọjọ́ tó parí oṣù Kẹta, wọ́n sì dé Katunga ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Karùn-ún, bí ọjọ́ mẹ́tàlélógójì. (Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ráhùn pé gọ-síló ń dá yín dúró wákàtí méjì, ẹ rọra.) Nígbà tí wọ́n dé Ìjanná, olórí ìlú tí Richard mọ̀ tẹ́lẹ̀ ti kú, òmíràn ti jẹ. Àṣà ìgbà náà ni pé kí méjì nínú àwọn ìyàwó olórí tó kú bá a lọ. Obìnrin àgbà kan nínú wọn ti sá pamọ́, wọ́n sì ti rí i. Ó wá sọ́dọ̀ àwọn Lander pẹ̀lú ẹkún. Ikú ń dúró dè é, kò sì fẹ́ kú. Àwọn arákùnrin méjèèjì kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1832, wọ́n sì di ẹrù wọn, wọ́n lọ.

Ìyẹn ló ń dà wá láàmú nínú ọ̀rọ̀ dídúró díẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọ̀nà àjò fi ojú ẹni kan ojú ẹlòmíràn ní ọjọ́ tó burú jù nínú ayé rẹ̀, ọ̀la sì tún ní ibi tó ń pè ọ́. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí ogun fi tú Ìjanná ká. Ọ̀yọ́-Ilé náà tú. Àwọn Ẹ̀gbá tó tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830 ń wá ọ̀nà dé òkun, àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì ń bọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn lọ́dọọdún, àárín méjèèjì ni ilẹ̀ Yewa há sí. Dàhọ̀mì pa Kétu run ní 1886. Ní 1889 àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó, wọ́n fa ààlà, Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìlaró bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àfìgbà tí ọmọ ogun Faransé wọ Àgbómẹ̀ ní 1892 ni ọkàn àwọn èèyàn tó balẹ̀ tí wọ́n fi lè kó jọ padà. Ẹ wo orúkọ ìlú tó wà níwájú Ìmàṣàyí: Ayétòrò. Ẹni tó ti sá fún ogun ló ń sọ ìlú ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀.

A kúrò ní Ìjanná, a padà sí títì. Ní Ìlaró a jẹ ìrẹsì, a kọjá lẹ́nu ọ̀nà Pólì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1979, a sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí Òrónà, akọni tí wọ́n ń ṣe ọdún rẹ̀ níbẹ̀, a sì ń lọ. Rélùwéè náà dá ibùsọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ ní agbègbè yìí: ẹ̀ka kan ya láti Ìfọ̀, ó gba Ìlaró dé Ìdógò. Ti òde òní ò ya síbẹ̀ mọ́. Pápáláńtọ̀ ló dúró sí, wọ́n sì fi orúkọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti pe ìdíkọ̀ náà. Tẹ́ ẹ bá ń gba Pápáláńtọ̀ wọ Ìlaró, ẹ lè yọjú wò ó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó.

Ìbẹ̀ṣẹ̀ la ti tún dúró, a ò sì pète ẹ̀. Ọkọ̀ ajagbé pọ̀ níwájú wa, a bá ya sí ẹ̀gbẹ́ títì kí eruku kọjá. Láti ọdún 2012 ni ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Dangote ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ohun tó sì gbé e débẹ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa: òkúta ẹfun. Irú òkúta kan náà ni wọ́n ń gbẹ́ ní Ewékoro láti 1960. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkun ni gbogbo ibí yìí nígbà kan, ní nǹkan bí ọgọ́ta mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, àti pé egungun àti ìkarahun ẹran inú omi ló di òkúta náà. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ náà: Ọ̀yọ́ fi ọgọ́rùn-ún ọdún jà kó lè dé òkun, òkun ti wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹṣin wọn. Ẹnì kan nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ òkúta wò láti wá ìkarahun. Kò rí nǹkan kan, ó kàn ba bàtà rẹ̀ jẹ́ ni.

A gba Ìgbógílà, ọjọ́ ti ń rọlẹ̀ ká tó dé Ìmàṣàyí. Màmá àgbà ti jókòó síta. A dọ̀bálẹ̀, ó kì wá, ó ní ká dìde, ó ní, “Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ti sọ̀?” Ọmọ ọmọ ẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwa la kọ́ ọ. Àwa ò sì tíì sọ nǹkan kan fún un. Bó ṣe máa ń kí àlejò nìyẹn.

Lẹ́yìn oúnjẹ la béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń lọ ọjà Ìlaró nígbà tó wà lọ́mọge. Ó ní àkùkọ àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń jí, àwọn obìnrin mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnikẹ́ni kì í dá lọ. Èlùbọ́ lórí, epo lórí, ata lórí, ọmọ lẹ́yìn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ibùsọ̀ fún wa, ó ń fi ìka kà á. Èkíní, abẹ́ igi àràbà kan, ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti máa ń mọ́ bá wọn. Èkejì, etí odò tí wọ́n ti ń bọ́jú. Ẹ̀kẹta, ilé ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ. Tí ẹ ò bá rówó lọ́wọ́, ẹ ó san án nígbà tí ẹ bá ń bọ̀. Ẹ̀kẹrin, wọn kì í pẹ́ níbẹ̀, wọn kì í sì í pariwo. Ìyá tirẹ̀ ló sọ fún un pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó èèyàn láyé ogun. Ogun ti tán kí wọ́n tó bí i, ogun tán kí ìyá rẹ̀ tó lọ́kọ, síbẹ̀ wọ́n ṣì máa ń dákẹ́ tí wọ́n bá débẹ̀. Ó ní òun náà kò mọ ohun tó ń bà òun lẹ́rù, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni òun ń ṣe.

A béèrè pé mélòó ni gbogbo ẹ̀. Ó ní mẹ́sàn-án. A wo fóònù, a sọ iye kìlómítà fún un. Ó ní, “Ìyẹn ò sọ fún mi bóyá ó rẹ̀ yín.”

Ó sọ fún wa pẹ̀lú pé ojú ọjà níhìn-ín náà jẹ́ ibùsọ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, àti pé tí àlejò bá bọ́ sí alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, orí ire ló bá a. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí à ń sọ yìí, UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 pé ogún gbogbo ayé ni, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn ní 2008 fún Benin, Nàìjíríà àti Togo. Alẹ́ kan péré lẹ lè bá a pàdé, ẹ sì lè kọjá lójú títì ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá láì mọ̀. Kò sí báǹkì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tí máàpù máa fi rántí.

Ní ọjọ́ kejì, a kọ gbogbo ohun tó sọ sílẹ̀, a ní nígbà tí a bá ń padà, a ó wá ibùsọ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, a ó tẹ àmì sí i lórí máàpù tí gbogbo èèyàn lè rí. Ẹ má fi wá rẹ́rìn-ín, a rò pé wákàtí kan tó. Àràbà náà wà, ẹlẹ́ran kan ti so ewúrẹ́ mọ́ ìdí ẹ̀. Odò wà, ó ti kéré, wọ́n ti fi kọnkéré bò ó lójú títì. Ilé ìyá ẹlẹ́kọ ti di ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta káàdì fóònù àti bisikíìtì; a ra bisikíìtì. Ẹ̀kẹrin, oko ẹ̀gẹ́ ni. Ọkùnrin kan tó ń roko níbẹ̀ ní òun ò gbọ́ ohunkóhun nípa ogun rí, bàbá òun ló fún òun nílẹ̀. A dúró níbẹ̀ díẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú wa títí a fi padà sínú ọkọ̀.

Ìkarùn-ún àti ìkẹfà, títì ti gba ibòmíràn, ọ̀nà ẹsẹ̀ ti wọ inú igbó. A tẹ àmì sí ibi tí a rò pé ó yẹ kó wà, a sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìrònú wa ni. Ìkeje àti ìkẹjọ ò ṣòro. Ìkẹsàn-án ló kù, ìyẹn èyí tó sún mọ́ Ìlaró jù, níbi tí wọ́n ti máa ń sọ ẹrù ìkẹyìn, kí wọ́n nu ara, kí wọ́n tún gèlè wé kí wọ́n tó wọ ọjà. Màmá ti sọ orúkọ ibẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la sì gbàgbé ẹ̀. Orúkọ mẹ́jọ ló wà nínú ìwé, ìlà kẹsàn-án ṣófo.

A dúró sẹ́bàá títì, a pè é. Ó gbé e. Ó kí wa, ó béèrè bóyá a ti jẹun, ó ní ká kí àwọn ará ilé. A béèrè orúkọ náà. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, nẹ́tíwọ̀kì ń já, ìlà kejì ọ̀rọ̀ náà nìkan la gbọ́. Nígbà tí a tún pè é, fóònù rẹ̀ ti kú. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ní òun á tún pè é lálẹ́, tí iná bá dé ní Ìmàṣàyí.